Aquamarine lórí òrùka ìgbéyàwó: ẹni tó bá mọ̀ nípa òkúta yìí, ẹ wá bá wa dá sí i

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ òkúta ni mo bá wá. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣù kẹta ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé dáyámọ́ǹdì kò wu òun, aquamarine lòun fẹ́ sórí òrùka. Àbúrò mi ti rí ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan lórí ayélujára: búlúù tó fúyẹ́, wọ́n gé e ní onígun mẹ́rin gbọọrọ, wọ́n dán an, ó mọ́ gaara. Ẹni tó ń tà á kọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sábẹ́ rẹ̀, pé ó ń mú ìfọ̀kànbalẹ̀ wá, pé ó ń dáàbò bo ẹni tó bá ń rìn lójú omi, pé ó ń jẹ́ kí tọkọtaya gbọ́ra wọn yé, pé ó sì ń wo ọ̀fun sàn. Màmá wa ní tiwọn ní òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá báyìí kò yẹ ìyàwó, wọ́n ní iyùn ni kí a lọ wá.

Ṣé òkúta náà lágbára tó láti máa wà lọ́wọ́ lójoojúmọ́? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé aquamarine ni lóòótọ́? Àwọn ìtumọ̀ tí oníṣòwò yẹn kọ sílẹ̀ ńkọ́, níbo ni wọ́n ti wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_ÒkèÀdó

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìmúra ìyàwó o. Iṣẹ́ wúrà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ.

Òkúta yìí lágbára. Òṣùwọ̀n Mohs ni wọ́n fi ń wọn bí òkúta ṣe le sí, láti 1 dé 10. Dáyámọ́ǹdì wà ní 10, aquamarine wà láàárín 7.5 sí 8. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò ni bóyá òkúta kan kọjá 7 tàbí kò kọjá á. Iyanrìn wà nínú eruku ilé, quartz sì ni iyanrìn, 7 ni líle rẹ̀. Òkúta tí kò bá tó 7, aṣọ tí ẹ fi ń nù ún gan-an ló ń bà á jẹ́, nítorí eruku tó wà lára aṣọ yẹn á máa ha á títí dídán rẹ̀ á fi kú. Aquamarine bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Àǹfààní mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í sọ. Òkúta mìíràn tí wọ́n ń pè ní topaz le ju aquamarine lọ díẹ̀, 8 gééré ni, ṣùgbọ́n topaz ní ojú kan lára tó ti máa ń là tòò bí ó bá kọ lu nǹkan líle. Aquamarine kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀ tó hàn gbangba. Fún òrùka tó máa kan ilẹ̀kùn ọkọ̀, tó máa kan ìkòkò, tó máa kan kọ̀ǹpútà, èmi á mú aquamarine ju topaz lọ lọ́jọ́ọjọ́.

Ìmọ̀ràn mi lórí bí wọ́n á ṣe tò ó sínú wúrà: òkúta onígun mẹ́rin, igun rẹ̀ ló máa ń ṣẹ́. Kí èékánná wúrà mẹ́rin bo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa, tàbí kí wọ́n fi wúrà yí gbogbo etí rẹ̀ ká. Kí ó má ga jù lórí ìka. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kan òrùka náà pẹ̀lú òkúta lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ òkúta. Omi kín-ún máa ń há sínú ihò tóóró nínú òkúta yìí láti ìgbà tó ti ń hù nínú ilẹ̀. Bí ooru bá dé sí i lójijì, ó lè sán.

Onímọ̀Ilẹ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá Alágbẹ̀dẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdílé tí òkúta náà ti wá.

Ọmọ ìdílé òkúta tí wọ́n ń pè ní bérílì ni aquamarine. Òun àti emerald, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bérílì tí kò ní àdàlù kankan kì í ní àwọ̀ rárá. Bí èròjà chromium tàbí vanadium bá wọnú rẹ̀ nígbà tó ń hù, ó di emerald aláwọ̀ ewé. Bí manganese bá wọ̀ ọ́, ó di morganite, tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ètè ọmọ tuntun. Bí ó bá jẹ́ irin ló wọ̀ ọ́, aquamarine nìyẹn. Irin náà kì í pọ̀, ohun tó jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ nìyẹn. Kí Màmá má ṣe rò pé àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Kò ṣá, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá, lágbègbè òkúta akọ. Nígbà tí òkúta tó yọ́ bá ń tutù, àwọn èròjà tí kò rí àyè nínú òkúta lásán, beryllium jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, á ṣẹ́ kù sẹ́yìn pẹ̀lú omi gbígbóná. Wọ́n á wọnú ẹ̀là òkúta, wọ́n á máa dì níbẹ̀. Omi tó pọ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n lè dàgbà kí wọ́n sì tóbi. Pegmatite ni a ń pe irú ibẹ̀. Ní 1910, wọ́n wa aquamarine kan jáde ní Marambaia, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais ní Bràsíìlì, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 110.5. Aquamarine tó tóbi tó sì mọ́ kì í ṣe ohun ìyanu. Emerald ni ti rẹ̀, bí kò bá ní ìlà àti àbààwọ́n nínú, ẹ fura.

Nǹkan kan tún wà nípa òkúta yìí tí mo fẹ́ràn gan-an. Ojú méjì ló ní. Bí ẹ bá wò ó láti ìhà kan, búlúù ni. Ẹ yí i sí ìhà kejì, àwọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá. Agé-òkúta tó mọ iṣẹ́ máa ń wá ìhà tí búlúù wà kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí ojú tí èèyàn máa fi wo òrùka lè jẹ́ ojú tó ní àwọ̀. Òkúta méjì tí wọ́n wà nínú kòtò kan náà, ọ̀kan lè dà bí omi lásán, èkejì lè lẹ́wà, nítorí ọwọ́ tó gé wọn.

Ọmọ_Jọs

Ẹ kú ìjíròrò. Jọs ni wọ́n bí mi sí, àwọn òbí mi wá láti Ọ̀ffà, òkúta ni mò ń tà. Aquamarine wà nílẹ̀ wa níbí: Plateau, Nasarawa àti Kaduna ni wọ́n ti ń wà á. Topaz náà sì wà ní Jọs, inú àpò kan náà ni ẹ lè bá àwọn méjèèjì lọ́jà. Ẹ wo ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Púpọ̀ nínú topaz búlúù tó wà lọ́jà ayé lónìí, topaz tí kò láwọ̀ ni wọ́n fi ìtànṣán àti ooru sọ di búlúù. Topaz gidi ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti aquamarine. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n fi orúkọ aquamarine tà á. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwọ̀n ló ń yà wọ́n. Topaz wúwo: bí omi bá jẹ́ 1, topaz jẹ́ 3.53, aquamarine jẹ́ nǹkan bí 2.7. Ìyẹn ni pé bí òkúta méjì bá ṣe déédéé ní gígùn, ní fífẹ̀, ní jíjìn, topaz á fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá wúwo ju aquamarine lọ.

Gíláàsì náà pọ̀ nígboro. Ẹ fi awò kékeré tí alágbẹ̀dẹ ń lò wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò atẹ́gùn roboto, gíláàsì ni. Tí ẹ bá gbé gíláàsì sétè, kì í tutù bí òkúta gidi. Òkúta spinel tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ tún wà, èyí ló ṣòro jù, ó mọ́ ó sì ń dán, yàrá àyẹ̀wò ló lè sọ òótọ́ rẹ̀.

Nípa ooru: púpọ̀ nínú aquamarine ló máa ń ní àwọ̀ ewé nínú búlúù rẹ̀ nígbà tó bá jáde látinú ilẹ̀. Wọ́n á fi ooru bí 400 sí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbé àwọ̀ ìyeyè tó wà nínú rẹ̀ kúrò, búlúù nìkan á wá ṣẹ́ kù. Gbogbo ọjà ló gba ìyẹn wọlé, àwọ̀ náà kì í sì í padà. Èmi fúnra mi fẹ́ràn èyí tí wọn kò fi iná kàn, tí ewé díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú olúkúlùkù ló mọ ohun tó wù ú. Bérílì tí ẹ ní láti sá fún ni èyí tó dúdú bí búlúù inki tí wọ́n ń pè ní Maxixe. Bràsíìlì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1917. Ìmọ́lẹ̀ máa ń pa àwọ̀ rẹ̀. Ẹ rà á ní búlúù, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ nínú oòrùn, ó ti ń fi yín sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ bi oníṣòwò yẹn ní gígùn, fífẹ̀, jíjìn àti kárátì òkúta náà (ìyẹn bí ó ṣe wúwo tó), kí ẹ kọ ọ́ síbí.

Màmá_Tóbi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí n dá sí ti ìtumọ̀.

Bérílì kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó ń ka Bíbélì. Nínú Ìfihàn 21:20, òun ni ìpìlẹ̀ kẹjọ nínú ìpìlẹ̀ ìlú Jerúsálẹ́mù tuntun. Nítorí náà, ẹ sọ fún Màmá pé òkúta tó wà nínú odi ìlú mímọ́ kò lè kéré jù fún ọwọ́ ìyàwó.

Ti oṣù kẹta, àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà ló jókòó ní 1912 tí wọ́n fẹnu kò sórí òkúta oṣù kọ̀ọ̀kan. Aquamarine wà nínú èyí tí wọ́n fún oṣù kẹta. Kò burú, ó dára fún ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ọjà ló bí i. Ti ojú omi ló pẹ́ jù: àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù ayé àtijọ́ ti so ó mọ́ òkun nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ó ń ṣọ́ àwọn atukọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní Yúróòpù láyé àtijọ́, àwọn tó ń kọ̀wé nípa òkúta sọ pé bérílì ń mú kí ìfẹ́ tọkọtaya padà tutù minimini. Ibẹ̀ ni oníṣòwò yín ti mú ti ìgbéyàwó. Ìtàn ni gbogbo rẹ̀, ìtàn tó sì dùn, àmọ́ ẹnìkan kò gbọdọ̀ fi owó kún òkúta nítorí ìtàn.

Báyọ̀_Toronto

Kíákíá ni tèmi. Ẹ má ra kékeré. Àwọ̀ aquamarine kì í hàn nínú òkúta kékeré, ẹ kàn máa rí nǹkan tó jọ gíláàsì ojú fèrèsé. Ó sàn kí ẹ dín wúrà kù kí òkúta tóbi.

Alágbẹ̀dẹ_ÒkèÀdó

Òótọ́ ni Báyọ̀ sọ. Mo fi kún un pé wúrà funfun tàbí platinum máa ń jẹ́ kí búlúù rẹ̀ jáde. Wúrà pupa àti wúrà ìyeyè máa ń fa àwọ̀ rẹ̀ sí ewé. Bí òkúta náà bá ti ní ewé díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn lè lẹ́wà, ṣùgbọ́n kí ìyàwó fojú ara rẹ̀ rí i kí ẹ tó pinnu.

Adéwálé_Salvador

Ẹ kúulé o. Salvador ní Bahia ni mo wà, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi débí. Minas Gerais tí Onímọ̀Ilẹ̀ dárúkọ, ìpínlẹ̀ tó bá Bahia pààlà ni, òun ló sì ti sọ Bràsíìlì di ilé aquamarine. Ìlú Teófilo Otoni níbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò òkúta ti ń pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n fún Màmá Àbẹ̀kẹ́ ní ẹ̀rí pé òkúta yìí yẹ ẹni ńlá. Nígbà tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé ní 1953, ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí aquamarine ni ààrẹ àti àwọn ará Bràsíìlì fi ta á lọ́rẹ. Ó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí wọ́n ṣe adé aquamarine tó bá wọn mu ní 1957. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí wọ́n ti gé ni wọ́n ń pè ní Dom Pedro, orúkọ ọba méjèèjì tó jẹ ní Bràsíìlì. Òkúta tí wọ́n wà ní ìparí àwọn ọdún 1980 já lọ́wọ́ àwọn awakùsà, ó fọ́ sí mẹ́ta, èyí tó tóbi jù nínú àfọ́kù náà ni agé-òkúta Bernd Munsteiner gé ní Idar-Oberstein ní Jámánì. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kárátì 10,363. Ó ti wà ní gbangba ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé Smithsonian ní Washington láti 2012. Ẹyin ara wa tó wà ní Maryland àti Virginia, ẹ lọ wò ó, ọ̀fẹ́ ni.

Níbí, ní ọjọ́ 2 oṣù kejì lọ́dọọdún, gbogbo àdúgbò Rio Vermelho máa ń kún fún aṣọ funfun àti búlúù nítorí Iemanjá, Yemọja tiwa. Òdòdó, lọ́fínńdà, dígí àti ọṣẹ ni àwọn èèyàn ń kó sínú apẹ̀rẹ̀ tí àwọn apẹja á gbé lọ sójú òkun. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe aquamarine ní òkúta Iemanjá, mo ń rí i lórí àtẹ. Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ ìṣẹ̀ṣe nílé dá sí èyí.

Ọmọ_OdòÒgùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Adéwálé. Abẹ́òkúta ni mo wà, ilé Yemọja ni wọ́n bí mi sí.

Ní tiwa níbí, odò Ògùn ni Yemọja. Olókun ló ni òkun. Àwọn baba wa tí wọ́n kó rékọjá omi ló gbé Yemọja dé òkun, torí òkun ni wọ́n rí níwájú wọn, a ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Ní Kúbà, wọ́n ń sin ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àti funfun fún un, méje sì ni iye tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Nílé, ìlẹ̀kẹ̀ funfun tó mọ́ gaara ló jẹ́ tirẹ̀. Kò sí aquamarine nínú èyíkéyìí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ràn òkúta yìí nítorí pé ó rán an létí Yemọja, kó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò bá sọ pé kò sí bí ẹ ṣe lè rí ojú Yemọja láìra òkúta tòun, ọjà ló ń tà.

Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí i tí ọmọ Yorùbá ń wá ìtumọ̀ òkúta lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn bí ẹni pé a ò ní tiwa. Ní Igbó Olókun n'Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Frobenius, ará Jámánì, ti walẹ̀ ní 1910, àwọn awalẹ̀pìtàn lóde òní ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Wọ́n fi àyẹ̀wò hàn pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gíláàsì náà, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, pé èròjà rẹ̀ kò bá ti Yúróòpù tàbí ti Lárúbáwá mu. Búlúù pọ̀ nínú wọn. Ṣẹ̀gi tí a fi ń ki ọmọ, tí a fi ń ṣe ọba lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ rántí. A kò bèèrè bóyá ó le tó quartz ká tó fi iyì fún un. Ọwọ́ tó ṣe é, ẹni tó wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i lọ́rùn, ìyẹn ló fún un ní iyì.

Fún ti Màmá, èmi ò rí ìjà níbẹ̀. Kí wọ́n fi iyùn sí ìyàwó lọ́rùn àti lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdána, kí àbúrò yín fi òrùka aquamarine sí i níka. Kí àwọn àgbà gba òrùka náà sọ́wọ́ kí wọ́n wúre sí i. Ẹnu la fi ń wúre, òkúta kì í sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Houston

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọ̀fun. Ẹ jọ̀wọ́, kò sí ẹ̀rí kankan pé aquamarine ń wo ọ̀fun, ojú, ikọ́ fée tàbí àìríbí sàn. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé mo ti rí àwọn tó ń rẹ òkúta sínú omi mu. Ọ̀fun tó bá ń dunni tó sì kọ̀ tí kò lọ, tàbí ohùn tó há fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ. Bí òkúta tó wà níka rẹ bá ń jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ nígbà tí o bá ń wò ó, mo gbà, ọkàn tó balẹ̀ dára. Kó má kàn gba ipò oògùn.

Wíwọ òkúta dídán kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Eruku rẹ̀ ló léwu. Beryllium wà nínú bérílì, eruku òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láìfi omi sí i máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé òkúta, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn sórí ẹ̀rọ, kí ẹ wọ ìbòmú tó dáa. Ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ nínú yàrá tí ọmọdé ń sùn.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ò ní kú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá lórí fóònù. Inú wọn dùn sí ti Ìfihàn, wọ́n tún ní kí n ka ti adé ọba obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbà pé kí iyùn àti òrùka jọ wà.

Oníṣòwò náà fèsì. Gígùn mìlímítà 10, fífẹ̀ 8, jíjìn 5.5, kárátì 3.8. Ó ní kò sí ìwé yàrá àyẹ̀wò, àmọ́ òun búra.

Ọmọ_Jọs

Ẹ dúró, ẹ má sanwó. Òkúta onígun mẹ́rin gbọọrọ tó bá ní gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn yẹn, bí aquamarine bá ni, kárátì rẹ̀ yẹ kó wà nítòsí 2.9. Bí topaz bá ni, ó yẹ kó wà láàárín 3.7 sí 3.8. Ìsàlẹ̀ òkúta lè ki ju bó ṣe yẹ lọ kó fi wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tó báyìí. Èmi ò pè é ní olè, ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tà á fún òun náà nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa ra òkúta náà bí yàrá àyẹ̀wò tó dá dúró bá kọ ọ́ sínú ìwé pé bérílì ni, aquamarine ni, àti pé kí owó àyẹ̀wò wá lọ́wọ́ ẹni tó bá parọ́. Ẹ máa rí ìdáhùn rẹ̀.

Lórí ìwé náà, ibi mẹ́ta ni kí ojú yín lọ: irú òkúta tó jẹ́, ìwọ̀n ìtẹ̀sí ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ (ti aquamarine máa ń wà nítòsí 1.57 sí 1.59, ti topaz kì í wá sílẹ̀ tó 1.60), àti ohun tí wọ́n kọ nípa ooru. Bí wọn kò bá lè sọ bóyá wọ́n fi ooru kàn án, ẹ má bínú sí wọn, ó ṣòro láti mọ̀ nínú aquamarine.

Onímọ̀Ilẹ̀

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀, ibi kan náà ni mo já sí. Topaz ni ìwọ̀n yẹn ń sọ.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ó ní òun kò ní fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, pé bí a kò bá fọkàn tán òun, ká lọ. A ti lọ. Ọmọ_Jọs, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá ọ̀kan fún wa láti Nàìjíríà? Ìyàwó ní òun á fẹ́ kó jẹ́ ilẹ̀ wa ló ti jáde. Èyí tí ewé díẹ̀ wà nínú rẹ̀ náà wù ú.

Ọmọ_Jọs

Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Mo lè wá a, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tọ́ la máa gbà. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìwakùsà ti 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá máa gbé e jáde lórílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi òkúta sínú àpótí aṣọ wá bá yín, wọ́n lè gbà á ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ ò sì ní ìwé kankan láti fi gba tiyín padà. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ lórí ìkànnì yìí, màá sọ àwọn tó ní ìwé fún yín. Fọ́tò tí wọ́n bá yà fún yín, kí ọ̀kan jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lẹ́bàá fèrèsé, kí èkejì jẹ́ ti iná gílóòbù inú ilé. Àwọ̀ fífúyẹ́ máa ń yí padà láàárín méjèèjì.

Màmá_Tóbi

Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ìbéèrè tèmi náà rèé. Ẹ̀gbà ọrùn aquamarine tí ọmọ mi fún mi ti rọ̀ mọ́ òróró àti pọ́ńdà, kò tàn mọ́. Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́?

Alágbẹ̀dẹ_ÒkèÀdó

Màmá, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé tó rọ̀. Ẹ fọ ẹ̀yìn òkúta ju iwájú lọ, ẹ̀yìn ni òróró ń lẹ̀ mọ́ sí, òun ló sì ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ẹ ṣàn án, ẹ fi aṣọ òwú tó mọ́ gbẹ ẹ́. Ẹ má fi omi gbígbóná kàn án, ẹ má kó o sínú ẹ̀rọ tó ń fi omi gbígbóná tú èéfín sí ohun ọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi bílíìṣì kàn án, wúrà tó dì í mú ni bílíìṣì ń jẹ. Ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sínú àpò tirẹ̀, kí dáyámọ́ǹdì má bàa ha á.

Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí òkúta bá dé ọwọ́ yín, ẹ wọn ìka ìyàwó ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ara rẹ̀ ti lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe láàárọ̀ nínú òtútù Leeds yẹn. Ìka máa ń wú díẹ̀ tó bá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ wọn orúnkún ìka náà pẹ̀lú, kí òrùka lè kọjá níbẹ̀. Ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ṣe òrùka kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà.